Bàbá Mi, Èmi àti Ìṣẹ́jú Méjì

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n tètè là á mọ́lẹ̀ pé kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ o. Ohun tí ojú mi ti rí ni mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní Ṣàngó-Ọ̀tà tí a ń gbé, bí ènìyàn bá dárúkọ kẹ̀kẹ́ lónìí, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ń kó èrò lábẹ́ afárá Ṣàngó, tí awakọ̀ rẹ̀ ń kígbe pé "Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì rẹ o!" ni gbogbo ayé yóò rò pé ó ń wí. Kẹ̀kẹ́ tèmi kò ní ẹ́ńjìnnì. Ẹsẹ̀ méjì ni ó ní, ẹsẹ̀ ẹni tí ó gùn ún ni ó sì fi ń sáré. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni, ọmọ ìyá Raleigh tí àwọn bàbá-bàbá wa rà nígbà tí owó kòkó dé, tí wọ́n fi ń lọ sí oko, tí wọ́n sì fi ń gbé ìyàwó lọ sí òde àríyá. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé òkè àti àpáta ni a ṣe tèmi yìí fún. Táyà rẹ̀ sanra, ó ní eyín, jíà rẹ̀ sì pọ̀ lọ jàra.

Òyìnbó ń pè é ní mountain bike. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa pé kí ni kí a máa pè é ní Yorùbá. Ọ̀kan ní "kẹ̀kẹ́ orí òkè". Mo ní kẹ̀kẹ́ kò gbé orí òkè, ó kàn ń lọ síbẹ̀ ni. Òmíràn ní "kẹ̀kẹ́ agunkè", eléyìí sì dùn mọ́ mi létí. Nígbà tí mo bi bàbá mi, wọ́n ní orúkọ wo ni mo tún ń wá, ṣé kẹ̀kẹ́ kọ́ ni? Kẹ̀kẹ́ agunkè ni n óò máa pè é nínú àròkọ yìí. Ẹ̀yin olùkọ́ wa lè bá mi wí bí kò bá bófin mu.

Ìtàn bí èmi, ọmọbìnrin tí ó ti lé ní ogún ọdún, àti bàbá mi, ẹni ọdún 59, ṣe jọ díje lórí kẹ̀kẹ́ agunkè ni mo fẹ́ sọ. N kò gba ife ẹ̀yẹ bọ̀ o. Ẹni tí ó bá ń retí ìtàn akọni lè ṣí ìwé yìí sí ojú ewé mìíràn.

Fítà ni bàbá mi. Láti ọdún 1998 ni wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé-iṣẹ́ kan láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Ọ̀tà. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ilé wa wà ní ẹ̀gbẹ́ òpópónà Ìdí-Ìrókò, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì mọ òpópónà yẹn mọ̀ pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọkọ̀ àjàgbé yóò dábùú ọ̀nà, omi òjò yóò gba kòtò, ọkọ̀ èrò yóò bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì, gbogbo rẹ̀ yóò wá dà rú bí òwú tí ológbò fi ṣeré. Bàbá mi kò jẹ́ bá wọn jókòó dè é. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni wọ́n ti ń gbé kẹ̀kẹ́ jáde, kí aago mẹ́fà tó lù, wọ́n ti wà nídìí ẹ̀rọ wọn. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, orí ọ̀pá àárín kẹ̀kẹ́ yẹn ni mo máa ń jókòó sí tí wọ́n bá ń gbé mi lọ sí ilé-ìwé lọ́jọ́ tí iṣẹ́ wọn bá jẹ́ ti ọ̀sán. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn gíríìsì, ilé-ìwé ni ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022, ẹgbẹ́ ASUU gùn lé ìyanṣẹ́lódì. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, n kò bú yín o, gbogbo wa ni a mọ ohun tí ẹ ń bá ìjọba fà. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ gbáko ni, títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Mo kó ẹrù mi wá sí Ọ̀tà. N kò tíì pé oṣù mẹ́ta nílé nígbà tí ilé-iṣẹ́ bàbá mi dá àwọn òṣìṣẹ́ kan dúró, orúkọ bàbá mi sì wà nínú ìwé náà. Bàyìí ni èmi tí kò rí ilé-ìwé lọ àti bàbá mi tí kò rí ibi iṣẹ́ lọ ṣe di alábàáágbélé ọ̀sán gangan.

Ọkùnrin tí ó ti fi ọdún 24 tún ẹ̀rọ ṣe kì í mọ bí a ṣe ń jókòó. Bàbá mi tún gbogbo ohun tó bàjẹ́ nínú ilé ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí ìyẹn tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú èyí tí kò bàjẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n tú fáànù tí ó ń fẹ́ lọ́wọ́ ni màámi fi igbe ta. Màámi ń ta tàtàṣé àti àlùbọ́sà lọ́jà Ṣàngó, owó ọjà yẹn ni gbogbo wa sì ń jẹ nígbà náà. Wọn kò sọ ọ̀rọ̀ kòbákùngbé kankan sí bàbá mi, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ka owó lálẹ́, bàbá mi máa ń dìde jáde síta.

Ní ọjọ́ kan, bàbá mi gbé àkójọ irin méjì kan wálé láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀. Kẹ̀kẹ́ agunkè ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò ní bíréèkì, èkejì kò ní jíà, ìjókòó àwọn méjèèjì sì ti fàya. Owó tí wọ́n rà á kò tó nǹkan, nítorí pé ẹni tó tà á gbà pé pàǹtí ni. Ó gba bàbá mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n fi irin jó irin, wọ́n ra ṣéènì tuntun, wọ́n na sípóòkù kọ̀ọ̀kan títí táyà fi ń yí láìgbọ̀n. Èmi ni mo ń bá wọn mú iná dání. Ibi tí mo ti ń mú iná dání ni mo ti ń ka ìtàn kẹ̀kẹ́ náà fún wọn lórí fóònù mi.

Mo sọ fún wọn pé ní àríwá ìlú San Francisco, ní California, ni àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń fi ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ wúwo sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Bíréèkì kẹ̀kẹ́ wọn wà nínú àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí ènìyàn bá yí pẹ́dà sẹ́yìn ni ó ń mú. Òkè náà dà gẹ̀rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí bíréèkì fi ń gbóná, tí gíríìsì inú rẹ̀ ń jó, tí ó ń rú èéfín. Bí wọ́n bá dé ìsàlẹ̀, dandan ni kí wọ́n tú u, kí wọ́n ki gíríìsì tuntun sí i. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí eré-ìje tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1976 fi ń jẹ́ Repack, ìyẹn ni pé "tún un kì". Joe Breeze, Gary Fisher àti Charlie Kelly wà lára àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni eré náà ti gbilẹ̀ dé ìdíje àgbáyé, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Durango ní 1990, ó sì wọ Òlíńpíìkì ní Atlanta ní 1996. Bàbá mi kò fi bẹ́ẹ̀ ka Òlíńpíìkì kún. Gíríìsì ni wọ́n ń bèèrè. Wọ́n ní irú gíríìsì wo ni àwọn ọmọ náà lò tó fi ń jó? Wọ́n ní bí wọ́n bá bi àwọn ni, irú èyí tí wọ́n ń fi sí ẹ̀rọ tó ń gbóná ni à bá fún wọn.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú bàbá mi lọ́kàn jù ni Cape Epic. Ní Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti ń ṣe é láti ọdún 2004, ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n sì fi ń gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè, nínú yanrìn àti nínú òkúta. Ènìyàn kò lè dá a gùn. Ẹni méjì-méjì ni wọ́n ń forúkọ sílẹ̀: ọkùnrin méjì, obìnrin méjì, tàbí takọ-tabo. Òfin pàtàkì kan sì wà níbẹ̀, pé àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ fi ju ìṣẹ́jú méjì jìnnà sí ara wọn. Ẹni tí ó bá sáré sáré tí ó fi ẹnì kejì rẹ̀ sílẹ̀, ìyà ń bẹ fún wọn. Àkókò ẹni tí ó kẹ́yìn dé sì ni àkókò àwọn méjèèjì.

Bàbá mi ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n gbé sípánà ọwọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n ní, "Ẹni tí ó ṣe òfin yìí ti bímọ rí."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. A kò ní òkè ní Ọ̀tà. Ilẹ̀ Àwórì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá fẹ́ òkè, kí ó máa lọ sí Abẹ́òkúta lọ bá Olúmọ. Ṣùgbọ́n Elédùmarè kò fi ohun gbogbo dùn wá. A ní kòtò. A ní ọ̀nà amọ̀ pupa tí ọkọ̀ akẹ́rù ti fẹsẹ̀ tẹ̀ wọ inú bí ìdí ìkòkò. Bí òjò bá rọ̀, ibẹ̀ a di odò. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, eruku rẹ̀ a bo ènìyàn títí dé ìpéǹpéjú. Ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tó wà láàárín ilé wa àti Àtàn ni a fi ṣe pápá ìdánrawò. Ìdájí ni a máa ń jáde, kí àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó jí.

Àwọn ará àdúgbò fi wá ṣe ìran. Àwọn kan ń kígbe pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí sinmi!" Ìyá àgbà kan tí ń din àkàrà ní ìta wọn ní, "Ọkọ ni à ń fún ọmọ tó dàgbà, kẹ̀kẹ́ ni ẹ̀yin fún tiyín!" Bàbá mi dá wọn lóhùn pé kẹ̀kẹ́ kò ní kó ẹrù rẹ̀ padà wá sílé àwọn. A jọ rẹ́rìn-ín, a ra àkàrà.

Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, bàbá mi ń fi mí sílẹ̀ ni. Ọdún 24 tí wọ́n fi gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ kò já sí asán. Wọ́n kọ́ mi pé n kò gbọdọ̀ fi ìbínú gun ibi tó ga, pé kí n tètè yí jíà kí ẹsẹ̀ tó rẹ̀ mí, pé bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí n dìde lórí ìjókòó kí orúnkún mi máa gba ìkọlù náà. Ṣùgbọ́n ọmọ ogún ọdún ń mókun sí i, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án, mo bojú wẹ̀yìn lọ́jọ́ kan, n kò rí wọn. Mo dúró. Nígbà tí wọ́n yọ, ẹnu wọn là sílẹ̀, aṣọ wọn ti lẹ̀ mọ́ wọn lára. Ojú tì mí bí ẹni tí ó jí nǹkan.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ irọ́ mi. Bí mo bá ti síwájú díẹ̀, n óò dúró bí ẹni tí ń mu omi. Bí kò bá jẹ́ omi, okùn bàtà mi ni ó tú. Bí kò bá jẹ́ bàtà, mo ń wo ẹyẹ kan lórí igi ni. Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, báwo ni a ṣe ń sọ fún bàbá ẹni pé, "Ẹ yára díẹ̀"? A kọ́ wa láti kékeré pé ọmọ kì í ṣáájú àgbà wọlé, kì í ṣáájú àgbà na ọwọ́ sí àwo. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wa ohun tí a ó ṣe nígbà tí ẹsẹ̀ wa bá ti yá ju tiwọn lọ.

Ilé-ìwé ṣí, mo padà. Ní òpin ọ̀sẹ̀ ni mo ń wálé. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí epo tí kò tó ₦200 lítà kan di nǹkan bí ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn tó ti ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè iye tí kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ń lọ. Bàbá mi fi pákó kan lélẹ̀ níwájú ilé, wọ́n kọ "ÀTÚNṢE KẸ̀KẸ́" sí i lára. Owó díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Fáànù ilé wa sinmi.

Ní ìparí ọdún yẹn ni àwọn ọ̀dọ́ kan tí ń gun kẹ̀kẹ́ ní Ṣàngó ṣètò eré-ìje kékeré kan ní ojú ọ̀nà amọ̀ tí mo wí yẹn. Méjì-méjì ni wọ́n ní kí a wá, wọ́n sì yá òfin Gúúsù Áfíríkà lò: ìṣẹ́jú méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a ó yí ọ̀nà náà po, a ó máa kọjá níwájú ẹni tí ń ka àkókò nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá fi ẹnì kejì rẹ̀ sílẹ̀ kọjá ìṣẹ́jú méjì, wọn yóò fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún tiwọn. Nígbà tí ọmọkùnrin tí ń kọ orúkọ rí bàbá mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ta ni ẹ bá wá?" Bàbá mi ní, "Ọmọ mi nìyí. Èmi ni ó bá wá."

Àwa méjì-méjì mẹ́rìnlá ni a bẹ̀rẹ̀. Ọyẹ́ ti dé, eruku pupa gba gbogbo ojú ọ̀run. Ibì kan wà lójú ọ̀nà náà tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ lọ sí etí omi kékeré kan, tí a ó sì tún gùn ún jáde ní òdì kejì. Òkè Ọ̀tà nìyẹn, kò sí òmíràn. Ní ìyípo àkọ́kọ́, èmi àti bàbá mi jọ gùn ún jáde ni. Ní ìyípo kejì, mo dé òkè, n kò gbọ́ ìró ṣéènì wọn lẹ́yìn mi mọ́. Mo bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, mo gbé ike omi mi.

Bàbá mi dé. Wọn kò kọjá. Wọ́n dúró tì mí, wọ́n fi ẹsẹ̀ kan tẹ ilẹ̀, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ṣé òùngbẹ ń gbẹ ọ́?"

"Ẹ̀ẹ́n, bàbá."

"Omi tí o ń mu láti ọdún tó kọjá, ràkúnmí kì í mu tó bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ kú sí mi lẹ́nu. Wọ́n ní láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni àwọn ti mọ̀, láti ọjọ́ tí mo ti ní mo ń wo ẹyẹ, tí kò sì sí ẹyẹ. Mo ní kí ló dé tí ẹ kò bá mi wí? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìsinmi náà dùn mọ́ mi ni." Àwọn méjì kan kọjá lára wa nínú eruku. Bàbá mi nu ojú, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu wọn. "Ṣùgbọ́n wọ́n ń ka àkókò lónìí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún mi níwèé níbi iṣẹ́, gbogbo yín ni ẹ ń rọra bá mi sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ ń rọra, ìwọ náà ń rọra. Gun kẹ̀kẹ́ rẹ bí o ṣe lè gùn ún. Jẹ́ kí n mọ iye tí mo fi jìnnà."

Mo ní, "Wọn yóò fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún tiwa."

Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ ni yóò san án ni? Lọ!"

Mo lọ. Ẹ gbà mí gbọ́, n kò gun kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Inú ń bí mi, ojú ń tì mí, àánú wọn ń ṣe mí, mo pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo fi tẹ pẹ́dà. Mo lé méjì-méjì mẹ́ta bá. Nígbà tí mo dé orí òkè wa yẹn ní ìyípo kẹta, mo dúró, mo wo aago ọwọ́ mi. Ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú méjì. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Àwọn tí mo ti kọjá tún kọjá mi. Ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ọkàn mi já. Mo rántí eruku tí wọ́n ti fà símú fún ọdún 24, mo rántí ikọ́ tí ń ṣe wọ́n lóru, mo rántí ohun tí màámi sọ kí a tó kúrò nílé pé bí nǹkan bá ṣe bàbá mi, kí n má wọlé wá bá àwọn. Mo yí kẹ̀kẹ́ padà, mo dojú kọ àwọn tó ń bọ̀, wọ́n ń bú mi, n kò gbọ́.

Mo bá bàbá mi ní ìsàlẹ̀, lẹ́bàá omi. Wọ́n jókòó sórí òkúta. Wọ́n ti dorí kẹ̀kẹ́ kodò. Ṣéènì já. Wọ́n fi ìṣó kan àti òkúta ti igi inú rẹ̀ jáde, wọ́n yọ ojú ṣéènì tó bàjẹ́, wọ́n ń fa méjì tó kù pọ̀. Ọwọ́ wọn dúdú dé ìgúnpá. Wọ́n ń súfèé. Ó ti tó ọdún kan ààbọ̀ tí mo ti gbọ́ ìsúfèé yẹn kẹ́yìn, láti ìgbà tí wọ́n ti ń lọ síbi iṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n rí mi, ìsúfèé dúró. "Ta ní ní kí o padà?"

"Mo rò pé..."

"O rò pé kí ni? Mú táyà yìí dání."

Mo mú un dání. Ìṣó wọlé, ṣéènì so pọ̀, wọ́n yí pẹ́dà, ó ń dún gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́. Wọ́n nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, wọ́n ní, "Èyí kò kà. Ṣéènì ni. Ó ku ìyípo kan. A ó jọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níwájú ẹni tí ń ka àkókò, má sì wẹ̀yìn."

N kò wẹ̀yìn. Ní gbogbo ọ̀nà, ọrùn mi ń fẹ́ yí, mo ń fi agbára mú un. Mo kọjá ibi ìparí, mo bọ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Ọmọkùnrin tí ń ka àkókò wo mi, ó wo ọ̀nà. A jọ ń wo ọ̀nà. Nígbà tí bàbá mi yọ nínú eruku, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ ju bí wọ́n ti ṣe fún ẹni tó gba ipò kìíní. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, ọmọkùnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Sísítà, ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni. Nítorí bàbá, ṣé kí n kọ ìṣẹ́jú méjì síbẹ̀? Kò sí ẹni tí yóò bínú."

Ọmọlúwàbí ni ọmọkùnrin náà, mo mọ̀. Bí ó bá ṣe ti ọdún tó ṣáájú ni, n óò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Kọ ohun tí aago sọ."

Bàbá mi kò tilẹ̀ sinmi. Wọ́n tẹ kẹ̀kẹ́ ti igi, wọ́n lọ tààrà síbi ìwé, wọ́n fi ìka dúdú tọ orúkọ títí wọ́n fi kan tiwa, wọ́n kà á. Wọn kò sọ ohunkóhun. Nígbà tí wọ́n fi ìṣẹ́jú ìyà kún tiwa, ipò kejìlá ni a gbà. Wọn kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Wọ́n wẹ̀, wọ́n jẹun, màámi sì ń wo ojú mi pé kí ló ṣẹlẹ̀. N kò lè sùn lóru yẹn. Mo rò pé mo ti ba nǹkan jẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo jáde síta, mo rí i tí wọ́n ti fi ẹfun kọ ọ́ gàdàgbà sí ara ilẹ̀kùn ibi tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí: 3:10. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọjọ́ sí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọjọ́ tí wọ́n bá ti ẹ̀rọ bọ epo níbi iṣẹ́.

Láti ìgbà náà, òpin ọ̀sẹ̀ tí mo bá wálé ni a ń wọ̀n ọ́n. Òkè Ọ̀tà yẹn ni a ń lò, aago ọwọ́ mi sì ni. Ní ọdún 2024 a dé 2:48. Ọdún yẹn ni mo ka ìròyìn fún wọn nípa Ese Ukpeseraye, ọmọ Nàìjíríà tó lọ sí Òlíńpíìkì ní Paris. Eré ojú títì ni ó bá lọ. Nígbà tí àyè eré inú pápá ṣí sílẹ̀ fún un, kò ní kẹ̀kẹ́ tí yóò gùn, àwọn ará Jámánì ni wọ́n yá a ní kẹ̀kẹ́. Bàbá mi kò jẹun ọ̀sán ọjọ́ náà. Wọ́n ní nínú gbogbo irin tó wà ní Ọ̀tà yìí, nínú gbogbo fítà tó jókòó sílé! Mo ní kẹ̀kẹ́ irú ìyẹn kì í ṣe èyí tí a ń fi irin jó. Wọ́n ní kí n dákẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, nígbà tí ìdíje àgbáyé ti eré kẹ̀kẹ́ ojú títì kọ́kọ́ wá sí ilẹ̀ Áfíríkà, ní Kigali, a jọ wò ó lórí fóònù títí iná fi tán lára rẹ̀. Àwọn òkè Rwanda mú wọn lójú. Wọ́n ní tí a bá ní irú ìyẹn, àwọn ìbá ti mọ̀ọ́ gùn tipẹ́.

Iye tí ó wà lára ilẹ̀kùn nígbà tí mo kúrò nílé gbẹ̀yìn ni 2:21. Mo ń múra ìdánwò àṣekágbá lọ́wọ́, ó ti tó oṣù kan tí n kò ti gun kẹ̀kẹ́. Ní alẹ́ àná bàbá mi pè mí. Wọ́n bèèrè oúnjẹ, wọ́n bèèrè ìwé, wọ́n wá dákẹ́ díẹ̀.

"Ṣé o ń gùn ún níbẹ̀ ṣá?"

Mo ní ìwé ni mo ń kà, bàbá.

"Wá nǹkan gùn. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlélógún. Bí ó bá jẹ́ ìwọ lò ń rọ̀, kò kà o."